Gìtá Ló Ń Han, Mo Ní Etí Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Bàjẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ohun tó bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ sọ ọ́. Ó tọ́ sí mi.

Gìtá ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé wa, yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan àti tábìlì kan, àwọn gìtá sì rọ̀ sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo tún ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló kọ́ mi ní gìtá. Òun ló ń mú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ mi ò tíì tóbi tó láti di ọrùn gìtá mú.

Bàbá wa dití kó tó kú. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi gbà wọlé.

Àǹtí ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ni ẹgbẹ́. Òun ló ń kọrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí a ṣe parí ìdánrawò, ó ní kí a jókòó.

"A fẹ́ gba orin tuntun sílẹ̀," ó ní. "Tá a bá gbà á tán, ìrìn àjò ló kàn, láti ìlú kan sí èkejì. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ gbé wa lọ ò fẹ́ èrò rẹpẹtẹ. Onígìtá kan ṣoṣo ni mo lè mú."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Kò wo tèmi rárá. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó máa lọ.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé inú mi dùn fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Inú yín dùn, Dádì," ó ní, "oúnjẹ wá kọ̀, kò lọ?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbé gìtá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ń kùn," ó ní. "Mo bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bíi fíríìjì àtijọ́. Àǹtí ò gbọdọ̀ gbọ́ irú ẹ̀ ní sítúdíò. Bá mi pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gìtá oníná. Abẹ́ okùn ni píkọ́ọ̀pù máa ń wà. Òòfà ni, wọ́n wá fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé e yí ká. Tí okùn bá gbọ̀n, òun ló ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Wáyà yẹn gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rì í sínú ìda gbígbóná, kí ìda wọ àárín rẹ̀, kó sì dì í mú. Èyí tí wáyà rẹ̀ bá dẹ̀, tí kò mọ ìda, ohun tí kò kàn án ló máa ń gbọ́. Tó o bá kan pákó gìtá, á gbọ́. Tó o bá sọ̀rọ̀ sí i lára, á gbọ́. Tó o bá wá gbé ohùn sókè lórí ìtàgé, á fi igbe bọnu. Á máa han bí ẹlẹ́dẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ yan tiẹ̀. Mo ń já àwọn gìtá ara ògiri wálẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè gbọ́ oríṣiríṣi. Ti àkọ́kọ́ mú jù, ó ń gún ni létí. Èyí tó tẹ̀ lé e wúwo, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Pákó gìtá tirẹ̀ fúyẹ́, ó sì ti gbẹ, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín láti ilẹ̀ wá. Ohun tó nílò ni píkọ́ọ̀pù tó máa fún un lẹ́ran díẹ̀, tí kò sì ní sọ ọ́ di aláriwo.

Ó wá kan èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ó ta á. Ó tún ta á.

"Àbúrò," ó ní, "èyí ni. Má wulẹ̀ gbé òmíràn sílẹ̀ mọ́."

Mo wọn àyè tó wà láàárín okùn rẹ̀, mo wọn ihò ara gìtá. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," mo ní. "Ẹ wá gbà á lọ́la."

Bó ṣe jáde, mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi láti mú síkúrúdíráfà. Mo rí píkọ́ọ̀pù kan níbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi wé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. N ò rì í sínú ìda rí. Wáyà rẹ̀ dẹ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo yọ èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yàn kúrò lára gìtá tó wà, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdérí kan náà, àwọ̀ kan náà. Ìyá tó bí wọn ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Mo jókòó. Mo ń wò wọ́n. Wọ́n ń wò mí.

Mo sọ fún ara mi pé eré lásán ni. Pé ìdánrawò kan péré ni yóò fi han, kí Àǹtí lè rí i pé onígìtá méjì ló ní. Lẹ́yìn náà màá yọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ nìyẹn.

Mo tú okùn. Mo yọ síkúrù. Mo fi irin gbígbóná yọ́ òjé tó so wáyà àtijọ́, èéfín rẹ̀ bù sí mi lójú, omi bọ́. Mo fi èyí tó dẹ̀ síbẹ̀, mo jó wáyà rẹ̀ pọ̀ dáadáa, mo nu àpá ìka ọwọ́ mi kúrò lára pákó. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní. N ò rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé gìtá tèmi sórí tábìlì, mo sì fi píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi yàn sínú rẹ̀.

Ìyàwó mi wọlé bá mi lẹ́nu ẹ̀.

"Ṣebí ti Bùọ̀dá nìyẹn?" ó ní. "Kí ló ń wá nínú tiyín?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ó wo gìtá méjèèjì kó tó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ kejì. Mo rẹ ohùn sípíkà sílẹ̀, mo ní kó dán an wò. Tí ohùn bá wà nílẹ̀, ẹ ò lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ta á, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lẹ́yìn.

"Ọlọ́run á gbé ìwọ náà ga," ó ní.

Mo ṣe àmín.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ń jó, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú láti ta tirẹ̀, ó sì yí ohùn sókè. Gìtá náà han. Ìyá kan ju ṣíbí sílẹ̀, ó fọwọ́ dí etí. Ẹ̀gbọ́n mi sáré kúrò nítòsí sípíkà, ó tún han. Ó ń wo gìtá náà bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ bú u láàárín èrò.

"Kí ni yẹn?" Àǹtí bi í nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀, Àǹtí. Ibi tí mo máa ń yí i dé ni mo yí i dé."

Nínú ọkọ̀, èmi àti ẹ̀ nìkan, mo sọ ọ́.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ ti ń yí ohùn sókè jù láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Èmi?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń sọ ọ́. Ẹnu yín ni wọn ò lè sọ ọ́ sí."

Ó ń wa ọkọ̀ lọ.

"Báyìí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ fún Bàbá," mo ní.

N ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Àbí mo rò ó? Mo rí i bó ṣe fọwọ́ kan etí rẹ̀, fẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó gbé gìtá náà padà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ta orin kan fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ṣé ó han?"

"Kò han," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Láti ìgbà náà, mi ò ní iṣẹ́ kankan ṣe mọ́. Ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi ṣe é. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, á ní, "Kí lo wí?" Á máa wo ẹnu èèyàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wá ń pariwo mọ́ ọn, bí wọ́n bá sì ti ń pariwo mọ́ ọn ló ń gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó dá jókòó sí, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sí etí kan, ó tún gbé e sí èkejì, ó ń gbọ́ bóyá ó ń dún.

Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Láti ìgbà tó ti wọlé wa ló ti ń pè mí ní ọkọ òun kékeré.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n yín ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n máa tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wá bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo lọ. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga gígùn, ó gbé orí lé itan ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń kán oògùn sí i létí òsì láti inú ìgò kékeré kan tí kò ní orúkọ ilé ìwòsàn kankan lára. Orí fóònù ni wọ́n ti rí ẹni tó ń tà á.

Bí oògùn ṣe kán wọlé, ẹ̀gbọ́n mi fún apá àga mọ́wọ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta.

"Ó ń ta wọ́n," ìyàwó rẹ̀ ní. "Àmọ́ ọkùnrin yẹn ní tó bá ń ta ló ń ṣiṣẹ́."

Mo lanu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo lanu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Gbólóhùn kan péré ni: ẹ da oògùn yẹn nù.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bùọ̀dá."

Mo jókòó díẹ̀, mo mu omi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ sítúdíò pé. Àǹtí ní òun máa gbọ́ àwa méjèèjì kí òun tó mú ẹnì kan. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, Ẹnjiníà là ń pè é, jókòó sẹ́yìn gíláàsì ńlá kan nínú yàrá tirẹ̀. Yàrá kékeré mìíràn ló gbé sípíkà gìtá sí, ó gbé makirofóònù kan síwájú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí náà gìtá ẹ̀gbọ́n mi ò han lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ète mi ti já sófo. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ta, gbogbo ìgbà tí ìka rẹ̀ kan pákó ló ń dún kọ́, kọ́, kọ́.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn nínú orin mi?" Àǹtí bèèrè.

"Bùọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́ le jù ni," mo yára dáhùn. "Wọn ò gbọ́ ara wọn dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi ò jiyàn. Ó gbé gìtá rẹ̀ lé àga, kò rántí yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Àǹtí lọ sẹ́yìn gíláàsì láti lọ gbọ́ ìtìjú ara rẹ̀. Àwọn yòókù jáde lọ gba atẹ́gùn.

Bí mo ṣe ń yọ̀ nínú ara mi ni ìyàwó mi wọlé. Kò kí mi.

"Ilé Bùọ̀dá ni mo ti ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára òwú tí wọ́n fi dí etí. Ẹ̀jẹ̀, Dádì! Ìyàwó wọn ò rí oorun sùn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ ṣe sí gìtá ọkùnrin yẹn?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

Mo wo gbogbo makirofóònù tó wà nínú yàrá. Iná wọn ti kú. Mo fọwọ́ ara mi fa wáyà èyí tó sún mọ́ wa jù yọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì. Mo wá gbé gìtá ẹ̀gbọ́n mi lé itan, mo tẹrí sórí rẹ̀, kí ẹni tó bá yọjú lè rò pé àtúnṣe ni mò ń ṣe.

"Ṣé gìtá yìí ni?" ìyàwó mi bèèrè.

"Gìtá ni," mo ní. "Etí wọn ò ní nǹkan kan. Píkọ́ọ̀pù tí n ò rì sínú ìda ni mo fi síbẹ̀. Tiwọn wà nínú tèmi."

"Ẹ sì ń wò wọ́n tí wọ́n ń kán májèlé sétí?"

"Tá a bá ti dé láti ìrìn àjò, màá pààrọ̀ ẹ̀. Wọn ò ní mọ̀ láéláé. Wọ́n á kàn rò pé etí àwọn ti yá ni. Jọ̀ọ́, má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ojú rẹ̀ ti kọjá orí mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Mo yíjú padà. Ẹnjiníà ti dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáàárín wọn, ó dorí kodò, ó gbé ẹ̀gbẹ́ orí kan síwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Mo wo makirofóònù. Wọ́n kú. Mo wá wo ohun tó wà lórí itan mi, pẹ̀lú wáyà rẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sídìí sípíkà nínú yàrá kejì.

Sípíkà ara ògiri fọhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kò pariwo.

"Àbúrò, tún un sọ. Etí ọ̀tún nìkan ló gbọ́ ọ. Tòsì ò gbọ́ nǹkan kan láti ìjẹta."

N ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Mo kàn bá ara mi ní ìdojúbolẹ̀ ni, ìyàwó mi ń sunkún lókè orí mi. Wọ́n wọlé. Mo ń retí ìgbátí. Ìgbátí ì bá dára.

"Dìde," Àǹtí ní. "Gbé irinṣẹ́ rẹ. Yọ ọ́ níbí, lójú gbogbo wa, kó o sì dá tiẹ̀ padà."

Mo tú gìtá méjèèjì sórí ilẹ̀ yàrá náà. Òórùn òjé gba gbogbo ibẹ̀. Wáyà ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó ń kọ́ mi.

"Wáyà dúdú kọ́ ló ń lọ síbẹ̀ yẹn," ó ní. "Fara balẹ̀."

Ohun tó sọ fún mi nìyẹn.

Nígbà tí mo so okùn tán, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jókòó, ó ta orin náà látòkèdélẹ̀. Ẹnjiníà ti ń gbà á sílẹ̀ láìsọ fún un. Mi ò gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi kó ta gìtá báyẹn rí. Ó kàn ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáá, ó ń wá ohùn náà kiri pẹ̀lú etí kan.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé oògùn yẹn ti jẹ awọ etí òsì, ó sì ti wọ inú. Ti ọ̀tún á bá a kalẹ́. Tòsì ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó mi pé dókítà bi í léèrè ohun tó gbé e dé ìdí irú oògùn bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó ní òun rò pé òun ń dití ni. Kò dárúkọ mi.

Ó bá Àǹtí lọ sí ìrìn àjò náà. Ó lọ, ó bọ̀. Èmi kúrò nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó lé mi. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn olórin tó máa ń wá ti dẹ́kun wíwá, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ò wá jókòó tì mí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà lórí ahọ́n yín nísinsìnyí tó yẹ kí ẹ sọ fún ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ pẹ̀lẹ́" rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣe é. Mo mọ ibi tó gbé mi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tán. Tí a bá pàdé nílé Màmá, ó ń jẹ́ kíkí tí mo bá kí i, ó ń béèrè àwọn ọmọ mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kò sí nǹkan kan láàárín wa. Àmọ́ kó tó jókòó, ó máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí mo wà, á wá fa àga rẹ̀, á yí i díẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Etí òsì ló máa ń yí sí mi.